Bí Òfin Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Wá Ń Béèrè "Iṣẹ́ Ọba" Nídìí Ẹ̀bùn

Ní Amẹ́ríkà, kí ẹ̀bùn tó lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó di ẹ̀ṣẹ̀, ó ní láti so mọ́ "iṣẹ́ ọba", ìyẹn ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń fi ipò rẹ̀ ṣe. Ẹjọ́ Birdsall, lọ́dún 1914, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn ibẹ̀ ni pé lọ́yà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lówó kí wọ́n lè bá àwọn tó jẹ̀bi títa ọtí fún ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kò sí òfin tó sọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò dìgbà tí òfin bá kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí àṣà ọ́fíìsì bá ti sọ di iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ọba ni.

Lọ́dún 1962, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kó òfin àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jọ sínú abala 201 ìwé òfin ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá gbowó kí owó náà lè darí iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15; ẹni tó bá gba ẹ̀bùn ìdúpẹ́ nítorí iṣẹ́ náà, ọdún 2. Nínú ẹjọ́ Sun-Diamond, ẹgbẹ́ oníṣòwò ọ̀gbìn kan, ní 1999, èrò ìjọba ni pé ẹ̀bùn bíi $5,900 tí ẹgbẹ́ náà fún mínísítà ètò ọ̀gbìn ti tó ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ipò rẹ̀. Adájọ́ Scalia ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ ọ́: bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tó fún Ààrẹ ní jẹ́sì wọn náà ti di arúfin. Ó di dandan kí wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ pàtó tí ẹ̀bùn wà fún.

Bob McDonnell, gómìnà Virginia nígbà kan, ni ẹjọ́ rẹ̀ wá dín agbára òfin náà kù jù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀bùn àti owó yíyá tó lé ní $175,000 lọ́wọ́ oníṣòwò kan; aago Rolex wà níbẹ̀, aṣọ $20,000 náà wà níbẹ̀. Oníṣòwò yìí ń fẹ́ kí yunifásítì ìpínlẹ̀ ṣèwádìí lórí ohun afáralókun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tà. Gómìnà bá a ṣètò ìpàdé, ó sì gbà á lálejò nílé ìjọba. Abala 201 kọ́ ni wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, torí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìyẹn wà fún. Àmọ́ tọ̀tún-tòsì gbà láti yá ìtumọ̀ "iṣẹ́ ọba" tó wà nínú rẹ̀ lò, ibẹ̀ ni ẹjọ́ sì ti yí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, 2016, adájọ́ 8 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò láti wọ́gi lé ìdájọ́ ẹ̀bi tí wọ́n ti ṣe fún McDonnell. Adájọ́ àkọ́kọ́ kò sọ fún ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbẹ́jọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀ràn kan pàtó tó wà níwájú ìjọba, irú ẹjọ́ tàbí ìpinnu àjọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wò ó bóyá gómìnà ṣèpinnu lórí rẹ̀, bóyá ó gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí bóyá ó ti òṣìṣẹ́ mìíràn sí i. Ìpàdé lásán kò tó. Ká sòótọ́, ìpàdé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ olówó ń wá kiri.

Ìdájọ́ yìí ló jẹ́ kí William Jefferson jáde lẹ́wọ̀n ní 2017, aṣòfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti Louisiana tí wọ́n bá $90,000 nínú fírísà rẹ̀, tí ẹjọ́ rẹ̀ kan òwò íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà.

Ní 2024 ó kan abala 666, tó mú òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìlú. Olórí ìlú Portage ní Indiana gba $13,000 lẹ́yìn tí ìlú ti ra ọkọ̀ akólẹ̀ tó tó $1.1 mílíọ̀nù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan. Adájọ́ 6 sí 3 ní owó ìdúpẹ́ tó tẹ̀lé iṣẹ́, láìsí àdéhùn ṣáájú, kò sí lábẹ́ abala náà. Òfin ìpínlẹ̀ àti ti ìlú ló kù tó lè mú irú rẹ̀.