Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Òfin Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Nìkan Dá Ẹjọ́ Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa òfin tó yẹ kó máa darí ọgbọ́n àtọwọ́dá ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀ fún àwọn rọ́bọ́ọ̀tì inú ìtàn àròsọ rẹ̀ ní ọdún 1942. Èmi kò bá wọn lọ. Òfin inú àròsọ kò ní ilé ẹjọ́, ẹni tí ẹ̀rọ sì fi ìyà jẹ kò lè dìde lé e. Òfin tí mo ń wá orísun rẹ̀ ni èyí tó ní kí ẹ̀rọ má ṣe dá ẹjọ́ ọmọ ènìyàn láìjẹ́ pé ènìyàn gbọ́ tẹnu rẹ̀, mo sì gbà pé àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti mọ gbòǹgbò rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé.

Láàfin Déjì, bí ó ti rí láàfin Oǹdó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìjòyè a máa jókòó ti ọba nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú rẹ̀. Olùpẹjọ́ a rò tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ a rò tirẹ̀, ẹlẹ́rìí a sọ ohun tó ṣojú rẹ̀, kí ìdájọ́ tó jáde. Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: àwọn baba wa kò yọ orí adé sílẹ̀ nínú òwe yìí.

Ṣùgbọ́n ojú ọpọ́n Ifá ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Babaláwo a kó ikin 16 sọ́wọ́ òsì, a fi ọwọ́ ọ̀tún gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan bá kù, a tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn, bí méjì bá kù, a tẹ ìlà kan, títí tí ọ̀kan nínú odù 256 yóò fi yọ. Ìṣirò pọ́ńbélé nìyẹn, kò sì jìnnà sí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi àmì méjì péré ka ohun gbogbo. Síbẹ̀, yíyọ odù kì í ṣe òpin. Ẹni tó wá ṣèbéèrè, tí kò tíì tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, a máa tẹ́tí bí babaláwo ti ń ki ẹsẹ, títí yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìlànà ààfin àti ti ojú ọpọ́n ti orísun kan náà wá, nítorí àwọn awo kì í jìnnà sí ọba, bóyá àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé àmì lásán kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi.

Lókè òkun, Ìpínlẹ̀ Hesse ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe òfin ààbò dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ní 1970. Ilẹ̀ Faransé ló kan ọ̀rọ̀ ìdájọ́ gan-an. Ìjọba wọn fẹ́ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo so gbogbo àkọsílẹ̀ tó ní nípa aráàlú pọ̀, bí NIN wa ti òní. Ìwé ìròyìn Le Monde tú àṣírí ètò náà ní 21 Oṣù Kẹta 1974, ìlú sì gbaná. Àbájáde rẹ̀ ni òfin 6 Oṣù Kìíní 1978, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa kò tíì pé ọdún méjì. Abala kejì rẹ̀ kò gbà kí ilé ẹjọ́ gbé ìdájọ́ lórí ìwà ènìyàn ka àwòrán irú ẹni tó jẹ́ tí ẹ̀rọ yà. Ẹ̀kẹta fún ẹni tí wọ́n fi èsì ẹ̀rọ mú ní ẹ̀tọ́ láti mọ èrò tó wà nídìí rẹ̀, kó sì takò ó. Ohùn ààfin ni mo ń gbọ́ níbẹ̀.

Èyí tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin dátà ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 Oṣù Karùn-ún 2018 mú un lò fún orílẹ̀-èdè tó pọ̀, a sì fọwọ́ sí tiwa ní Nàìjíríà ní 12 Oṣù Kẹfà 2023.

Abala 37 òfin tiwa yìí ló kan ìyálọ́jà tó ń wá owó yá lórí fóònù rẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan pé kò sí, láìsọ ìdí. Òótọ́ ni pé òfin náà yọ̀ǹda irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ bí ẹni náà bá ti tẹ "mo gbà", ibi tó sì dùn mí jù nìyẹn, nítorí ta ló ń ka ohun tó ń tẹ̀? Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ ẹ́ náà, ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ènìyàn gidi tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó sì takò ìpinnu náà. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kọ etí ikún, àjọ NDPC, tó ń mójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, ni kó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.