Òwú Ríran

Òwú ríran ni iṣẹ́ fífa fọ́nrán jáde díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa lọ́ ọ títí yóò fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣeé hun. Fọ́nrán náà lè jẹ́ òwú inú oko, irun àgùntàn, ọ̀gbọ̀ tàbí sẹ́dà. Inú lílọ́ yìí ni agbára òwú wà. Fọ́nrán òwú oko kan kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ní gígùn, ṣùgbọ́n bí a bá lọ́ ọ mọ́ àwọn yòókù, wọn a di ara wọn mú.

Kí irinṣẹ́ kankan tó wà, orí itan ni wọ́n ń na fọ́nrán sí, wọn a sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Ní Abri du Maras, ilẹ̀ Faransé, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àjákù okùn onífọ́nrán mẹ́ta tí ó ti lé ní 40,000 ọdún. Àwọn Neanderthal, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tó ti kú run, ló lọ́ ọ.

Ìrànwú ló yí iṣẹ́ náà padà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a sì fi amọ̀ tàbí òkúta roboto tí a lu ní àárín bọ̀ ọ́ kí ó lè wúwo, kí ó sì máa yí pẹ́ bí òkòtó. Igi a máa jẹrà, ṣùgbọ́n amọ̀ àti òkúta kì í jẹrà, nítorí náà wọ́n pọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń wà. Ẹni tó ń ran òwú a so ìbẹ̀rẹ̀ òwú mọ́ igi, a ta á kí ó máa yí, a sì máa fa fọ́nrán sílẹ̀ bí ìrànwú ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá kan ilẹ̀, a ká òwú náà sára igi, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìka ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n: òwú tí kò lọ́ tó yóò já, èyí tó lọ́ jù yóò ká kò. Ìrànwú tó wúwo lè já òwú oko, torí fọ́nrán rẹ̀ kúrú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà ń gbé ìrànwú rẹ̀ ka inú àwo tàbí orí ilẹ̀. Ọ̀gbọ̀ gùn ní tirẹ̀. Orí ọ̀pá ni wọ́n ń dì í mọ́, wọn a sì máa fi omi tàbí itọ́ rin ín kí ó lè dán. Bí wọ́n bá fẹ́ pa òwú méjì pọ̀, òdìkejì ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ́ wọn sí ni wọn yóò lọ́ ọ sí, kí ó má baà tú.

Éṣíà ni kẹ̀kẹ́ ìrànwú ti wá. Àwòrán rẹ̀ kan láti Baghdad jẹ́ ti ọdún 1237, ó sì ti dé Yúróòpù kí ọ̀rúndún kẹtàlá tó parí. Ọwọ́ kan ló ń yí i, ọwọ́ kejì ló ń fa fọ́nrán. Ìgbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ títẹ̀ kún un ni ọwọ́ méjèèjì tó bọ́. Síbẹ̀, ẹni púpọ̀ ló ní láti ran òwú kí ahunṣọ kan ṣoṣo tó rí òwú tó, àìtó yìí sì wà lára ohun tó bí ẹ̀rọ James Hargreaves ní nǹkan bí ọdún 1764, tí ó ń ran òwú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ti Richard Arkwright ní 1769.

Ní Íńdíà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀, Gandhi, aṣáájú ìjà fún òmìnira, sọ kẹ̀kẹ́ náà di ohun ìjà lòdì sí aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àsíá tó dábàá ní 1921. Títí di òpin ọdún 2021, òfin Íńdíà fi dandan lé e pé òwú tí a fi ọwọ́ ran, tí a sì fi ọwọ́ hun, ni kí wọ́n fi ṣe àsíá orílẹ̀-èdè náà.