Ọdún tó wà lára ìgò bourbon kọ́ ni adùn ẹ̀, àgbá ni kẹ́ ẹ bi

Níbi àríyá, tí wọ́n bá ti gbé wisikí dé orí tábìlì, nọ́ńbà lojú kọ́kọ́ ń wá. 12 nìyí, 18 nìyẹn, ẹni tó gbé 21 wá ti di ọ̀gá gbogbo àwọn tó jókòó, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè bóyá ọtí náà dùn. Tó bá jẹ́ wisikí Scotland ló wà nílẹ̀, ìṣirò yẹn ò burú jù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ bá bourbon àti rye, àwọn wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbogbo ẹ̀ dàrú nìyẹn, torí bourbon ọdún 20 lè korò kó sì gbẹ èèyàn lẹ́nu bákan, kí ti ọdún 7 tàbí 8 tó wá láti ilé iṣẹ́ kan náà máa wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹni tó fowó ńlá ra ti ọdún 20 á wá máa rojú mu ún torí owó tó ti san.

Nọ́ńbà yẹn gan-an, ohun tó ń sọ ò pọ̀. Iye ọdún tí ọtí tó kéré jù nínú ìgò náà lò nínú àgbá ni, ó parí síbẹ̀. Kò sọ bí àgbá ṣe rí, kò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí, kò sì sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń lọ ọkà, tí wọ́n ń pò ó, tó ń hó, tí wọ́n wá ń sè é kí ooru ẹ̀ lè di ọtí, ẹni tó bá ti débi tí wọ́n ti ń sè ògógóró rí ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sáré kọjá. Òfin Amẹ́ríkà ní kí àgbàdo kó ó kéré tán 51 nínú 100 ọkà tí wọ́n bá fi ṣe bourbon. Tó bá jẹ́ ọkà rye ló kó 51 yẹn, rye nìyẹn. Àgbàdo ló ń mú kí ọtí dùn kó sì ki lẹ́nu, rye ló ń ta, tó ń gbẹ, tó sì ń mú òórùn ata àti míǹtì wá. Àwọn kan máa ń yọ rye kúrò nínú bourbon wọn, wọ́n á fi àlìkámà rọ́pò ẹ̀ kó lè rọ̀ lọ́fun, Maker's Mark wà lára wọn. Àwọn tó ń sọ pé Kentucky, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, nìkan ni bourbon ti lè wá, irọ́ ni, ibikíbi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lè ṣe é, Kentucky kàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù ni.

Èyí tó kù nínú òfin ọ̀hún ló ṣe pàtàkì jù: inú àgbá igi oak ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀ sí, àgbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti dáná sun inú ẹ̀. Kì í ṣe tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún o, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọtí sí i ni.

Ohun tó ń jáde látojú iná ò ní àwọ̀ kankan. Gbogbo pípọ́n tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú ìgò bourbon, inú igi ló ti wá, òfin ò gbà kí wọ́n fi nǹkan kan pa á láró. Ní Scotland wọ́n lè kán kárámẹ́lì sí tiwọn kí àwọ̀ ìgò kan lè bá ti èkejì mu, kò sẹ́ni tó máa mú wọn.

Àgbá yẹn ń gba nǹkan bí 200 lítà. Kò sí ìṣó lára ẹ̀, kò sí gúlù, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n wá fi òrùka irin gbá mú. Kí wọ́n tó dé e lórí ni wọ́n á gbé e sókè iná, iná á wọnú ẹ̀, á máa jó fòfò, ẹni tó ń ṣe é á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìpele jíjó mẹ́rin ló wọ́pọ̀, èyí tó le jù, ìyẹn ìkẹrin, ò ju bí 55 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò pé ìṣẹ́jú kan o! Láàárín ìgbà yẹn ojú igi á ti di èédú, á sán, á rí gbágungbàgun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìpele ìkẹrin ní awọ ọ̀nì. Tẹ́ ẹ bá wá la pákó ẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé èédú ló wà lójú, lẹ́yìn èédú ni igi tí ooru ti yan títí tó fi pupa, lẹ́yìn ìyẹn ni igi tó ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Èédú yẹn ń gba òórùn tí ò dáa kúrò lára ọtí tuntun, pàápàá èyí tó jọ imí-ọjọ́. Àmọ́ inú igi pupa ni ọjà wà. Ooru ti fọ́ nǹkan tó so igi pọ̀ níbẹ̀ sí wẹ́wẹ́: apá kan ti di ṣúgà tó jóná díẹ̀, apá kan ti di òórùn fànílà, fànílà gidi yẹn náà ni, kì í ṣe ohun tó kàn fara jọ ọ́. Igi oak funfun ti Amẹ́ríkà tún ní òróró kan tó ń rùn bí àgbọn. Òórùn kànáfùrù tí àwọn èèyàn ń gbọ́ nínú bourbon, nǹkan kan náà tó wà nínú kànáfùrù fúnra ẹ̀ ló wà nínú igi oak, ẹ̀tàn kọ́ ni imú wọn ń tàn wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni tánínì wá wà, èyí tó ń korò tó sì ń fún ẹnu pọ̀.

Ẹ wò ó bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyá alágbo á kó egbò àti èèpo sínú ìgò, á da ògógóró lé e, á dé e. Ohun tí àwọn ará Kentucky ṣe ni pé wọ́n yí i po, dípò kí igi wà nínú ọtí, ọtí ló wà nínú igi. Àgbo àkọ́dà máa ń pọ́n, ó máa ń le, kì í pẹ́ tó fi ń jáde. Tẹ́ ẹ bá mu ún tán tẹ́ ẹ tún da ògógóró mìíì sórí egbò kan náà, á ṣiṣẹ́, àmọ́ á là, á sì gba sùúrù, nígbà tó bá sì di ẹ̀ẹ̀kẹta, egbò kàn ń bá ọtí ṣeré nínú ìgò ni. Bourbon, àgbo àkọ́dà ni, òfin ò gbà kó jẹ́ nǹkan mìíì. Scotland wá ńkọ́? Egbò tí Amẹ́ríkà ti rẹ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń rà, àgbá bourbon tó ti ṣiṣẹ́ tán ló pọ̀ jù nínú àgbá tí wọ́n ń lò, wọ́n á sì tún un lò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn ni ọdún 12 àti 18 ṣe bójú mu lọ́dọ̀ wọn, igi ọ̀hún ti rẹ̀, ojú ọjọ́ wọn sì tutù, ọtí nílò gbogbo àsìkò yẹn kó tó rí nǹkan mú jáde. Ẹ bi ìyá alágbo èyíkéyìí bóyá kí wọ́n fi egbò tuntun sílẹ̀ nínú ọtí fún ogún ọdún. Á ní òórùn àti adùn ló kọ́kọ́ ń jáde, èyí tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀, ìkorò ni, kẹ́ ẹ tètè sẹ́ ẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ àgbo ti pin rèé ṣá o, torí ìgò àgbo ò ń mí, àgbá ń mí.

Kentucky ní ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná gan-an àti ìgbà òtútù tó le. Tí ooru bá mú, ọtí inú àgbá á fẹ̀, á wọnú igi lọ. Tí òtútù bá dé, á súnkì, á padà jáde pẹ̀lú ohun tó rí kó bọ̀ láti inú igi. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe èyí, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀, ojú ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Buffalo Trace, ilé iṣẹ́ bourbon kan níbẹ̀, tiẹ̀ máa ń mú kí àwọn ilé ìpamọ́ wọn kan gbóná nígbà òtútù kí ọtí má bàa sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń dín kù, torí ó ń fẹ́ lọ gba ara igi, èyí tó ń fẹ́ lọ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ẹ jẹ́ ká fi 4 nínú 100 lọ́dún ṣírò ẹ̀. Àgbá tó wọlé pẹ̀lú 200 lítà, lẹ́yìn ọdún 4, nǹkan bí 170 ló kù. Lẹ́yìn ọdún 12, bíi 122. Tó bá fi máa pé ọdún 23, kò pé 80 mọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó ń sọ bourbon Pappy Van Winkle ọdún 23 di ohun tí àwọn tó ń tún un tà ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé lórí, ọ̀wọ́n ni wọ́n ń tà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé gbogbo owó yẹn ni adùn.

Èyí tó tún dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé ní Kentucky, omi sábà máa ń fẹ́ lọ ju alcohol lọ, pàápàá lókè ilé níbi tó gbóná tó sì gbẹ, torí náà ọtí á máa le sí i bó ṣe ń dàgbà. Òfin ní kó má ju 62.5 nínú 100 lọ nígbà tó ń wọnú àgbá, ṣùgbọ́n ó lè ju 65 lọ nígbà tó bá ń jáde. Ní Scotland, ó ń là sí i ni. Ilé ìpamọ́ ti Kentucky lè ga tó àjà mẹ́fà tàbí méje, àgbá tó wà lókè pátápátá àti èyí tó wà nísàlẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n rọ ọtí sí wọn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tọ́ méjèèjì wò, ẹ ò ní gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ti òkè á ti dúdú, á ti le, ti ìsàlẹ̀ ṣì ń ṣe jẹ́jẹ́. Ìdí rèé tí ilé iṣẹ́ Four Roses fi ń lo ilé ìpamọ́ alájà kan ṣoṣo, tí Maker's Mark sì ń gbé àgbá láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọdún kan náà, ọtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Òfin àgbá tuntun yìí, láti inú àwọn ọdún 1930 ló ti wà, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní 1933. Ẹni tó bá wò ó á rí i pé àwọn tó ń gégi àti àwọn tó ń kan àgbá ò ní bínú sí i. Ìfiṣòfò ni lójú kan, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe bourbon ò lè fi àgbá tó ti kú tan ẹnikẹ́ni jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tó ní láárí lára ìgò, bottled in bond ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá. Òfin 1897 ni. Ayé ìgbà yẹn, àwọn kan ń fi omi tábà pọ́n ọtí kó lè jọ èyí tó ti pẹ́, ìjọba wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo orúkọ yìí, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ sè é, ní sáà kan ṣoṣo, kó lò tó ọdún 4 nínú ilé ìpamọ́ tí ìjọba ń mójú tó, kó sì jẹ́ 50 nínú 100 géérégé, ìyẹn ni wọ́n ń kọ ní 100 proof. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ nǹkan fún yín ju àwòrán ẹṣin tó wà níwájú ìgò lọ.

Tó bá wá kan mímu, kọ́ọ̀pù tí ẹnu ẹ̀ há ló dáa. Ẹ má ti imú bọ inú ẹ̀, alcohol á kàn ta yín ni, imú á kú. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ẹ ya ẹnu díẹ̀, kẹ́ ẹ máa mí wọlé jẹ́jẹ́. Ẹnu àkọ́kọ́ kì í ṣe fún ìdájọ́, ẹ kàn fi fọ ẹnu ni, ẹnu kejì ni kẹ́ ẹ gbọ́. Booker Noe, ọ̀gá nínú sísè bourbon tó jẹ́ ọmọ ọmọ Jim Beam, máa ń jẹ tiẹ̀ lẹ́nu ni, á máa yí i kiri kó lè kan ibi gbogbo. Àwọn tó ń pariwo pé èèwọ̀ ni omi, ẹ má dá wọn lóhùn, wọ́n ti bomi là á kó tó wọnú àgbá, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n tún bomi là kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, ẹ̀kán méjì tẹ́yin bá kán sí i kò lè pa á. Ẹ máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti èrìgì. Tí ibẹ̀ bá gbẹ tó sì fún pọ̀, tí adùn ti lọ tó wá ku òórùn pákó, igi ti jẹ ọtí yẹn nìyẹn. Rye lè tan èèyàn díẹ̀ níbí, torí títa àti gbígbẹ wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tirẹ̀ máa ń wá láàárín ahọ́n, ó sì ń tètè lọ, ti igi máa ń dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ mọ̀ lè ra mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Heaven Hill: Evan Williams onípépà funfun tí wọ́n kọ bottled in bond sí, Rittenhouse Rye, àti Elijah Craig ọdún 18. Ẹ má ka ìtàn pé pásítọ̀ tó ń jẹ́ Elijah Craig ló kọ́kọ́ sun inú àgbá sí, kò sí ẹ̀rí kankan láti ayé ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́, bond ni wọ́n, líle wọn dọ́gba, ọkà ló yàtọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tí rye ń ṣe. Evan Williams àti Elijah Craig, ìpò ọkà kan náà ni, àgbá ló yà wọ́n. Àmọ́ 45 nínú 100 ni Elijah Craig ọdún 18, torí náà kí ìdíje má bàa ní èrú, ẹ wọn Evan Williams 45 mílílítà, kẹ́ ẹ bu omi ṣíbí tíì kan sí i, méjèèjì á dọ́gba. Kí ẹlòmíì bá yín bù ú, kó má sọ èwo lèwo, kẹ́ ẹ yan èyí tó wù yín kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà wọ́n.