Maria Kirch àti ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì Yúróòpù

Maria Margaretha Kirch (1670–1720), tí orúkọ bàbá ẹ̀ ń jẹ́ Winkelmann, jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ fún Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ìlú Berlin fọ́dún pípẹ́ láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àsìkò yẹn nirú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń yọjú káàkiri, London ní 1660, Paris ní 1666, Berlin ní 1700, iṣẹ́ obìnrin sì ń bẹ níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ oyè ò kàn wọ́n.

Ọ̀dọ̀ Christoph Arnold, àgbẹ̀ kan tó ń wo ìràwọ̀ lẹ́bàá Leipzig, ni Maria ti kọ́ṣẹ́, ó wá fẹ́ Gottfried Kirch, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, ní 1692. Nígbà tí Akadẹ́mì gba Kirch síṣẹ́, tọkọtaya ló jọ ń ṣe é, wọ́n á wo ojú ọ̀run lóru, wọ́n á ṣe ìṣirò, wọ́n á fi ṣe kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o, torí Akadẹ́mì nìkan ló láṣẹ àtimáa tà á, ibẹ̀ sì lowó tó pọ̀ jù ń gbà wọlé fún wọn. Ní April 1702, nǹkan bí aago méjì òru, ọkọ ń sùn lọ́wọ́, Maria ń wá ìràwọ̀ kan tọ́kọ ti rí lóru ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, àfi bó ṣe rí ìràwọ̀ onírù tẹ́nìkan ò tíì kéde, ló bá jí ọkọ ẹ̀ dìde. Orúkọ ọkọ ni wọ́n fi gbé ìròyìn ẹ̀ jáde, 1710 ni Kirch tó kọ ọ́ síta pé ìyàwó òun ló rí i.

Ọdún yẹn náà ni Kirch kú. Maria ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa bá iṣẹ́ kàlẹ́ńdà lọ, ó jọ pé nǹkan tó ń rò ni pé láyé ìgbà yẹn opó oníṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń gbaṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ṣe. Leibniz tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ gbè é lẹ́yìn, àmọ́ Jablonski, akọ̀wé wọn, kọ̀wé pé wọ́n ti ń fi Akadẹ́mì ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin ló ń bá wọn ṣe kàlẹ́ńdà, tó bá tún ń ṣe é lọ ẹnu àwọn èèyàn á túbọ̀ là gbàgà ni. Ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún Hoffmann, onímọ̀ ìràwọ̀ míì. Nígbà tí wọ́n gba Christfried ọmọ ẹ̀ síṣẹ́ ní 1716, Maria padà wá ràn án lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n tún bá a wí pé ó ń yọjú sáwọn àlejò jù, ó sì kúrò níbẹ̀. Christine, ọmọ ẹ̀ obìnrin, náà ṣe kàlẹ́ńdà fún wọn lẹ́yìn náà.

Ìlú Bologna ní Ítálì yàtọ̀. Laura Bassi gboyè dókítà ní yunifásítì níbẹ̀ ní 1732, wọ́n gbà á sí akadẹ́mì, ó ń gbowó iṣẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní físíìsì jù. Ní Faransé, Émilie du Châtelet fi àròkọ lórí iná du ẹ̀bùn Akadẹ́mì Paris, kò gbà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1739. Ní England, Caroline Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, ń gba pọ́n-ùn 50 lọ́dún lọ́wọ́ ọba láti 1787. Royal Society, ìyẹn ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ti London, ò gba obìnrin kankan sáàárín wọn títí di 1945, Akadẹ́mì Paris ò sì fi obìnrin ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gidi àfi ní 1979.