Gbólóhùn kání nínú èdè Páṣíà

Gbólóhùn kání nínú èdè Páṣíà ni gbólóhùn tó ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, tàbí tí ìbá ti ṣẹlẹ̀, bí nǹkan mìíràn bá wáyé. Fàrsí ni wọ́n ń pe èdè yìí ní Ìránì, Darí ní Afghanistan, Tàjíìkì ní Tajikistan. *Agar* ni atọ́ka gbólóhùn náà. Lẹ́nu àwọn ará Tehran, *age* ló dà. Èdè àwọn ará Tọ́kì àti Urdu ti yá a lò.

Ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *be-* tàbí *bi-* ló sábà máa ń wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé *agar*; *mi-* ló máa ń wà lára èkejì. *Age bārun biyād, khune mimunam*: "bí òjò bá rọ̀, ilé ni mo máa wà." Òjò kì í "rọ̀" níhìn-ín, ńṣe ló ń "wá", nítorí ara *āmadan*, "wá", ni *biyād* ti jáde. *Bārān* àti *khāne* ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, *ā* tó ṣáájú *n* sábà máa ń di *u*. *-am* tó parí *mimunam* ti dúró fún "mo", kò sì pọn dandan kí a tún pe arọ́pò-orúkọ.

Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé wọ́n lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe ohun tó ti kọjá sọ̀rọ̀ ọ̀la. *Age didish, salām beresun*: "bí o bá rí i, bá mi kí i." "O rí" gan-an ni *didi* túmọ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé rírí yẹn gbọ́dọ̀ parí kí kíkí tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò ṣẹlẹ̀

*Mi-* pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe àtẹ̀yìnwá ló ń ṣe iṣẹ́ "ìbá" níhìn-ín: *age midunestam, nemiyumadam*, "kání mo mọ̀ ni, n kì bá tí wá." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, *mi-* yìí kan náà ni ti *miraftam*, "mo máa ń lọ tẹ́lẹ̀." *Dāshtan* (ní) àti *budan* (jẹ́, wà) kì í sábà gbà á: *age pul dāshtam, mikharidam*, "kání mo lówó ni, ǹ bá rà á."

*Kāsh* tàbí *kāshki* wà fún àbámọ̀. Àwọn elédè náà máa ń sọ pé wọ́n gbé *agar* níyàwó fún *magar* ("àyàfi"), ọmọ tí wọ́n bí sì ń jẹ́ *kāshki*.