Ẹgbẹ́ àjọṣe ẹlẹ́sìn láàrin akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹgbẹ́ àjọṣe ẹlẹ́sìn ni ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, Kristẹni, oníṣẹ̀ṣe àti àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan máa ń dá sílẹ̀ ní fásitì láti mọ ara wọn, láti jọ ṣiṣẹ́, àti láti tètè pa iná ìjà ẹ̀sìn kó tó ràn. Kì í ṣe ìjọ, kò sì ní ìsìn tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í lú ẹ̀sìn kan mọ́ òmíràn níbẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí Súlè àti Sámúẹ́lì ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí bàbá wọn àgbà sì tún jẹ́ awo, irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí agboolé ti ń ṣe tipẹ́ ni ẹgbẹ́ náà ń gbé wọ inú ọgbà fásitì, níbi tí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ti sábà máa ń kó àwọn ọmọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé.

Ìtàn ẹ̀sìn ní agbègbè náà

Ìjẹ̀bú kò tètè ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Kí ogun Ìmàgbọ́n, tí wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní oṣù Karùn-ún 1892, tó ṣẹlẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì kò rí àyè gidi níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà ni ẹ̀sìn Kristẹni àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù jọ gbilẹ̀ kíákíá, tí wọ́n sì bá Ifá, Agẹmọ (eégún àwọn Ìjẹ̀bú), Orò àti Òṣùgbó (Ògbóni ti Ìjẹ̀bú) nílé. Kò sí èyí tó lé èkejì jáde pátápátá.

Ojúde Ọba ló fi èyí hàn jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, gbogbo ìlú ló ni í. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, ni wọ́n máa ń jó wọlé síwájú ọba, Kristẹni àti Mùsùlùmí nínú aṣọ kan náà. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń ka ènìyàn mọ́ ẹgbẹ́, wọn kì í béèrè ibi tó ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń gbàdúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá àpẹẹrẹ tí yóò tẹ̀lé kò ní láti wò jìnnà: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dára fún un ju ìwé òfin ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Àwọn fásitì

Fásitì Olabisi Onabanjo (OOU) wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Fásitì Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2001. Ṣàgámù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà. Fásitì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin wà ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, láti 2005. Ti ìjọba ni méjèèjì, nítorí náà gbogbo ẹ̀sìn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè níbẹ̀.

Ti Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ yàtọ̀. Ìjọ Adventist ọjọ́ keje ló ni í. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọ náà dá sílẹ̀ ní 1959 ló di fásitì ní 1999. Níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì máa ń parí nígbà tó bá wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ bí èyí sílẹ̀ ní fásitì ìjọ ní láti kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n gbà láyè àti ohun tí wọn kò gbà.

Ohun tí òfin sọ

Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, àti láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà bó bá fẹ́. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹni tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ láti lọ́wọ́ nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Abala náà tún gbà kí ìjọ máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Abala 40 ló fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ mọ àwọn abala wọ̀nyí dáadáa, nítorí pé ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ti wà ní ọgbà tipẹ́. Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ti Nàìjíríà (MSSN) bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1954, NIFES ti àwọn Kristẹni bẹ̀rẹ̀ ní 1968, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà àti fẹ́lóṣíìpù tí àwọn ìjọ ńláńlá ní káàkiri ọgbà. Ẹgbẹ́ tuntun tó bá fojú orogún wò wọ́n kò ní pẹ́ tú ká. Ohun tó tọ́ ni kí àwọn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ kí ámíìrù MSSN àti ààrẹ fẹ́lóṣíìpù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣàlàyé pé àwọn kò wá jí ọmọ ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni kó. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn aṣáájú wọ̀nyí kì í ṣe ti irọ́. Àwọn òbí tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí wọn ń retí pé kí ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn tó gbé lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn olóyè àti olùkọ́ tí yóò jẹ́ olùdámọ̀ràn ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Olùdámọ̀ràn méjì láti inú ẹ̀sìn méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn bá wà, irú èyí tó wà ní OOU, ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń rí olùkọ́ tó gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀sìn náà.

Ìwé òfin kò nílò kó gùn. Ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ ṣaláìsí nínú rẹ̀: pé ẹnikẹ́ni kò ní wàásù láti yí ẹlòmíràn lẹ́sìn padà nínú ìpàdé, pé ipò ààrẹ yóò máa yí láti ẹ̀sìn dé ẹ̀sìn lọ́dọọdún, àti pé ẹgbẹ́ kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò, ìbáà ṣe nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ní ìjọba. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Bí àwọn ènìyàn bá ti rí ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn olóṣèlú kan, kò sẹ́ni tí yóò tún gbà á ní onílàjà.

Ọjọ́ ìpàdé gba ìrònú. Ọ̀sán Ẹtì jẹ́ ti ìrun Jímọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta kò bá àwọn Adventist lára mu. Ọjọ́ Àìkú ti kún, fẹ́lóṣíìpù púpọ̀ ló sì ń kọ́ Bíbélì nírọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán ni kí wọ́n lò, kì í ṣe mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan tí olúkúlùkù yóò fi gbàdúrà sínú kì í fa àríyànjiyàn.

Oúnjẹ àjọjẹ

Ibi oúnjẹ ni àjọṣe ti máa ń di òótọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti tètè máa ń bàjẹ́. Ní 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eléérú tó ń ṣílẹ̀kùn ààwẹ̀ Lẹ́ńtì sì bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ dára fún ìṣínu àjọṣe, nítorí pé ẹlẹ́sìn méjèèjì ló wà nínú ààwẹ̀.

Ká ní wọ́n fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n rin ewùrà, wọ́n gbé epo àti ata kaná, ẹni tó ń sè sì nawọ́ sí ẹja àrọ̀ gbígbẹ àti edé. Ibẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti béèrè. Ọmọ ìjọ Adventist kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́, kì í sì í jẹ edé, gẹ́gẹ́ bí ìwé Léfítíkù orí 11 ṣe sọ. Àrọ̀ kò sì ní ìpẹ́. Bí wọ́n bá fi ṣáwá dípò méjèèjì, gbogbo wọn á jẹ ẹ́: ó ní ìpẹ́, Mùsùlùmí kò sì ní béèrè ẹni tó pa á, nítorí ẹja kò nílò ẹni tí yóò dúńbú rẹ̀. Ó kù kí wọ́n bi oníṣẹ̀ṣe tó wà láàrin wọn léèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un, nítorí èèwọ̀ òrìṣà kan kọ́ ni ti òmíràn. Dàbínù àti omi tútù á ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oúnjẹ kí àwọn tó gbààwẹ̀ tó ṣínu, kódà bí ebi bá ń pa á.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní àjọṣe ẹlẹ́sìn jẹ́ ti Mùsùlùmí àti Kristẹni nìkan. Àléébù ńlá ni èyí ní ilẹ̀ Agẹmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ̀ṣe wà ní ọgbà, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í láti sọ ọ́, nítorí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pè é. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí àga tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀ láìpẹ́ yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́. Orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni fásitì tó wà ní Ìjagun ń jẹ́. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí ní 1922, kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi bò. Síbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni ló kún ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tó dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 1956.

Ìjà àti ìlàjà

Ohun kékeré ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọgbà. Ẹnì kan lẹ ìwé ìkéde ìsọjí mọ́ ògiri, ẹlòmíràn lẹ ti ìwàásù Ramadan lé e lórí, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì wọ́n ti ya méjèèjì. Tàbí kí ẹni tó ń pariwo ìhìnrere ní ìdájí àti ẹni tó ń pe ìrun àsùbáà jọ gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kò sí ohun tó nílò ìwàásù níbẹ̀. Kí wọ́n pín ògiri sí apá méjì, kí wọ́n sì fàdéhùn sí iye aago àti bí ohùn ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ mọ, kí àwọn aṣáájú méjèèjì fọwọ́ sí i.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ Orò àti Agẹmọ, nítorí obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ìlú ló sì jẹ́ obìnrin tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní oṣù Keje 1999, ikú obìnrin Hausa kan lákòókò Orò dá ìjà ńlá sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàrin Yorùbá àti Hausa. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ ní Kano. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò lágbára láti yí ìṣe ìlú padà, ṣùgbọ́n ó lè lọ bá àwọn àgbà ìlú ṣáájú, kó gba ọjọ́ àti àkókò tí Orò yóò jáde, kó kéde rẹ̀ ní gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì, kó sì bẹ àwọn aláṣẹ fásitì pé kí wọ́n má fi ìdánwò sí ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún ní láti fàdéhùn sí i pé bí ìròyìn ìjà bá dé orí WhatsApp, ẹnikẹ́ni kò ní fi ránṣẹ́ síwájú títí wọn yóò fi pe lẹ́mọ́mù, pásítọ̀ tàbí olóyè ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ní Kaduna, Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye, tí wọ́n ti ṣáájú ọmọ ogun ẹ̀sìn lòdì sí ara wọn rí, dá iléeṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀ ní 1995. Wuye pàdánù apá kan nínú ìjà náà. Ìtàn wọn wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ìṣòro

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìyílẹ́sìnpadà ni ẹgbẹ́ kò lè yẹra fún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi ẹ̀sìn kan sílẹ̀ gba òmíràn, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni yọ̀, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni dárò. Ohun tó kàn án ni pé kí wọ́n má halẹ̀ mọ́ ẹni náà.

Ọ̀sẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ Ẹlẹ́sìn Lágbàáyé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2010 lórí àbá ọba orílẹ̀-èdè Jọ́dánì, máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejì. Ó jẹ́ ọjọ́ tó dára fún àṣeyẹ, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn nìkan ló ń pàdé kì í pẹ́.

Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ààrẹ parí ẹ̀kọ́, ó lọ sin ìlú, gbogbo ohun tó mọ̀ sì bá a lọ. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé ìfisílẹ̀ kan tí ààrẹ kan yóò fà lé èkejì lọ́wọ́ níwájú olùdámọ̀ràn méjèèjì: àdéhùn ògiri àti agbóhùnsókè, nọ́ńbà lẹ́mọ́mù, ti pásítọ̀ àti ti olóyè tó ń sọ ọjọ́ Orò, àkọsílẹ̀ owó, àti ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í jẹ.