Bí Ayùn Oníná Tí A Ń Fọwọ́ Mú Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Ohun Tó Ń Mú Un Fò Padà

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kan òrùlé ní Ìlọrin báyìí, láti Tánkẹ̀ dé Gáà-Àkànbí, ariwo ayùn oníná ló ń kéde pé àwọn káfíńtà ti dé. Pákó tó máa gba òógùn lójú ọmọ iṣẹ́ tó ń lo ayùn ọwọ́, màṣíìnì yìí á gé e já kí ẹni tó ń wò ó tó yíjú. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé ìlò kì í bá wọn wá, ojú lásán ni ọmọ iṣẹ́ sì fi ń kọ́ ọ lára ọ̀gá. Ó máa mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tì í síwájú. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni ìdí tí ayùn tó ń lọ jẹ́jẹ́ fi lè fò padà lójijì bá ẹni tó mú un dání. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Tí ìdí yẹn bá ti yé èèyàn, kò sí nínú àwọn òfin yòókù tó máa ṣòro fún un láti rántí.

Abẹ́ róbótó tó wọ́pọ̀ jù lára màṣíìnì yìí fẹ̀ tó mìlímítà 185, ìyẹn íńṣì méje àti díẹ̀. Tí kò bá tíì kan igi, ó ń yí tó ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó lé ní ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tí abẹ́ náà bá ní eyín 24, nǹkan bí eyín 2,000 ló ń gba ojú kan kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé kó kúrò ńbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí èèyàn ṣe lè já fáfá tó tó máa sá fún un. Ètò tí a bá ṣe kí a tó tẹ bọ́tìnnì ló ń yọni.

Iwájú abẹ́ ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Eyín ń gba ìsàlẹ̀ pákó wọlé, ó ń gba òkè jáde, bó ṣe ń fa igi sókè bẹ́ẹ̀ ló ń fa irin pẹlẹbẹ tí màṣíìnì fi jókòó mọ́ pákó. Èyí dáa, òun ló ń mú kí ayùn jókòó dáadáa. Òun náà ló fà á tí ojú òkè plywood fi máa ń ya ṣákaṣàka nígbà tí ojú ìsàlẹ̀ ń dán. Ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù á dojú tó rẹwà délẹ̀ kó tó gé e.

Ìsàlẹ̀ abẹ́ wá ń kọ́? Iwájú ló ń sáré lọ, ó ń jìnnà sí ẹni tó mú màṣíìnì. Tí igi bá fún abẹ́ yẹn mọ́ra, tí eyín ò ríbi lọ mọ́, mọ́tò inú rẹ̀ ò ní dúró torí ìyẹn. Abẹ́ tí igi ti dì mú á wá di táyà lójú ẹsẹ̀, á fi eyín rìn lórí igi náà, odindi màṣíìnì á sì yí padà sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó mú un. Tí ó bá jẹ́ pé ayùn ló wọ́, eyín tó wà lẹ́yìn, tó ń bọ̀ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, á bu ojú pákó jẹ, á sì gbé màṣíìnì jáde kúrò nínú ipa rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì, orí itan tàbí ọwọ́ òsì ló máa ń balẹ̀ sí.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ yìí wá di ohun kan: kí ipa tí ayùn ń là má pa dé mọ́ abẹ́, kí èèyàn má sì dúró síbi tí màṣíìnì máa gbà tó bá fò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni bí wọ́n ṣe ń gbé pákó kalẹ̀. Ẹ wo ojú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pákó dẹ́kì. Wọ́n á to búlọ́ọ̀kù méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, wọ́n á gbé pákó gígùn lé e, wọ́n á wá fi ayùn gé e láàárín. Ó dà bíi pé ó dára, nítorí pé orí méjèèjì ló dúró lé nǹkan. Àmọ́ bí ayùn bá ti wọlé tán, tí igi tó kù nísàlẹ̀ ò nípọn mọ́, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Ipa ayùn á máa fún láti òkè. Ohùn mọ́tò á kọ́kọ́ yí padà, á di ohùn ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo. Òórùn igi tó ń jóná á tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gé á dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ayùn ò lágbára tó, á wá tì í síi. Ìgbà yẹn ló máa ń fò.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí apá tí a fẹ́ lò jókòó gbọn-in, kí a fi kílàǹpù dè é, kí apá tí a fẹ́ gé kúrò wà níta, kó lè jábọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí abẹ́ bá já a. Bí ó bá já síta bẹ́ẹ̀, ṣe ni ipa ayùn á là sí i. Tó bá jẹ́ apá tó gùn ni, kí ẹnì kan gbé e díẹ̀ láìtì í sókè, torí pé títì sókè náà á pa ipa ayùn dé. Odindi plywood kò ṣeé fi sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì rárá. Pákó mẹ́ta mẹ́rin tí kò níye lórí la máa tẹ́ sílẹ̀, a ó gbé plywood lé gbogbo wọn, kí apá méjèèjì lè dúró síbi tó wà nígbà tó bá já.

Igi fúnra rẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlagi dé máa ń wú mọ́ abẹ́. Lásìkò ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá gbẹ pákó lójú tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ó lè ká mọ́ra bí wọ́n bá ṣe ń là á lọ. Ẹni tó bá ń la pákó gígùn á ki igi pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ipa náà lẹ́yìn ayùn, lẹ́yìn tó bá ti pa màṣíìnì tí abẹ́ sì ti dúró. Àwọn màṣíìnì kan ní irin pẹlẹbẹ kékeré lẹ́yìn abẹ́ wọn fún iṣẹ́ yìí gan-an. Àṣìṣe ńlá ni bí àwọn kan ṣe ń tú u dànù.

Bí abẹ́ ṣe yọ sísàlẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì. Kò yẹ kó ju eyín kan lọ lábẹ́ pákó. Ìdajì abẹ́ tó ń yí nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò rí, ìka tàbí wáyà ló ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ ìbòrí abẹ́ nìyí o, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣeré. Ìbòrí ìsàlẹ̀ ní sípíríìnì; bí ayùn bá ń wọ igi, igi á tì í sẹ́yìn, bó bá jáde, ìbòrí á padà bo abẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kúrò lórí bọ́tìnnì, abẹ́ ṣì lè máa yí fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Àwọn tó ń fi wáyà tàbí rọ́bà so ìbòrí sókè ń gbé abẹ́ tó ń yí sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé màṣíìnì kalẹ̀. Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fọwọ́ gbé ìbòrí náà sókè, kí wọ́n jọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tí kò bá padà kíá, oje igi àti lẹ̀búlẹ̀bú pákó ló há sí i. Kí wọ́n nù ún mọ́. Tí kò bá sì yí padà, kí màṣíìnì náà má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Abẹ́ tó ti kú, igi ló ń lọ̀ dípò kó máa gé e, ó sì ń gbóná. Púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà níta kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì pípa nìkan ò tó. Lórí ọ̀pọ̀ màṣíìnì, ibi tí abẹ́ ń yí sí ni wọ́n ń yí bọ́ọ̀tù sí láti tú u. Iye ìgbà tí abẹ́ lè yí láìfọ́ wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti màṣíìnì. Ìdí nìyẹn tí fífi abẹ́ ìgépákó sórí màṣíìnì fáílìnì àwọn wẹ́dà fi léwu gidigidi: ọ̀pọ̀ irú màṣíìnì bẹ́ẹ̀ ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní ìbòrí tó ń padà, kò sì ní irin tó ń jókòó lórí pákó. Ẹni tó ń ṣe é ń fi ọwọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Pákó àlòkù láti ibi dẹ́kì náà, kí wọ́n fa gbogbo ìṣó inú rẹ̀ tán kí wọ́n tó gé e.

Ẹ má fojú kékeré wo iná. Ayùn tó ń jẹ wáàtì 1,500 ń fa nǹkan bí áńpù 6.5 lórí fólítì 230. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń tan bọ́ọ̀bù àti fáànù nílé ò lè gbé e. Tí iná bá rẹlẹ̀, abẹ́ ò ní sáré tó, á máa dúró sínú igi, mọ́tò á gbóná. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn jìnnà náà á fa irú ìyà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lo èyí tó nípọn, kí wọ́n sì tú u kúrò lára róòlù tán. Màṣíìnì tó ti Amẹ́ríkà wá tó jẹ́ ti fólítì 110, bí wọ́n bá kì í bọ 230 láìsí tiransífọ́mà, á sáré ju agbára rẹ̀ lọ, á sì jóná. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Iná kì í kàn sílẹ̀kùn kó tó dé, màṣíìnì tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà ní títẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀.

Tí gbogbo èyí bá ti wà létò, gígé ò le mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ipa ayùn la máa ń dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí màṣíìnì. Wáyà gba èjìká kọjá sẹ́yìn. Apá tó fẹ̀ lára irin ìjókòó màṣíìnì wà lórí pákó tó ní ìtìlẹ́yìn. Kí abẹ́ kọ́kọ́ sáré dáadáa kó tó kan igi, ká wá tì í ní ìwọ̀n tí ohùn mọ́tò ò fi yí padà. Bí ayùn bá wọ́ kúrò lórí ìlà, ẹ má yí i padà tipátipá. Ẹ jọ̀ bọ́tìnnì lọ́wọ́, ẹ di màṣíìnì mú síbi tó wà títí abẹ́ á fi dúró, ẹ wá yọ ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Fífà á sẹ́yìn nígbà tó ṣì ń yí ló ń fa púpọ̀ nínú ìpalára yìí.

Ẹni tó wọ bùbá alápá gbàgẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan màṣíìnì yìí, ìbọ̀wọ́ tó gbòòrò náà ò dáa, torí abẹ́ lè fà á. Gọ́gùsì pọn dandan. Ariwo rẹ̀ lè lé ní décíbẹ́ẹ̀lì 100, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ jẹ etí. Lẹ̀búlẹ̀bú ìrókò ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu ní àwọ̀ ara àti àyà, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, sì ti ka lẹ̀búlẹ̀bú igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995. Ìbòmú kì í ṣe àṣejù.

Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, aṣọ mímọ́ ni kí wọ́n fi tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, kí wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè, kí wọ́n má da kẹrosíìnì, ọ́yìlì tàbí lẹ̀búlẹ̀bú sí i. Bí ìka bá já, kí wọ́n wá a. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tí omi rin díẹ̀ wé e, kí wọ́n fi sínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa, kí wọ́n wá gbé ọ̀rá náà sínú omi oníyìnyín. Yìnyín ò gbọdọ̀ kan ìka fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí Ìlọrin lè gba ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin ní Oke-Ose lọ. Ẹni tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn jù ni kó kọ́kọ́ dé kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n tó gbé e síwájú. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lọ kó gbé ọ̀rá ìka náà dání, kó sì sọ fún dókítà aago tí ayùn gé e.